Mo Sọ̀ Kalẹ̀ Kí Ọlọ́pàá

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi nígbà tí mo wà ní kọ́ńsítébù pé ilé tí mo máa darúgbó sí ni ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí fún mọ́tò kó tó ṣí fún ènìyàn, tẹ́ṣàn ni ǹ bá mú onítọ̀hún lọ, kó lọ ṣàlàyé ohun tó mu. Ṣùgbọ́n ilé náà nìyí, ní Mitchellville ní Amẹ́ríkà, inú rẹ̀ ni mo sì jókòó sí tí mo ń kọ ohun tí ẹ ń kà yìí. Ilé Bùnmi ọmọ mi ni. Nọ́ọ̀sì ni Bùnmi, ẹ̀ka tí wọ́n ti ń gba àwọn tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ sí ló wà ní ilé ìwòsàn. Ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí, ọmọ kan ṣoṣo ló bí fún un. Nígbà tí ìyá Bùnmi náà kú mọ́ mi lọ́wọ́ ní Ìbàdàn, ọmọ mi ní òun ò lè máa sùn ní Amẹ́ríkà kí òun máa ronú ẹni tó ń gbé omi fún bàbá òun. Ó ní kí n máa bọ̀. Mo sì wá.

Ìrìn àjò yẹn kò ní ìtàn kan nínú. Ìtàn wà nínú dídé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mo wẹ̀, mo wọ bùbá àti ṣòkòtò, mo jáde láti lọ kí àwọn aládùúgbò, nítorí pé àlejò tí kò kí ará ilé, ohun tó fẹ́ jí ló ń wá. Mo dúró títí. Ilé ńláńlá lọ́tùn-ún, ilé ńláńlá lósì, koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ bí orí ọmọ iléèwé, kò sí ẹ̀dá kankan. Lójijì ilẹ̀kùn ibi tí mọ́tò ń sùn á gbéra sókè fúnra rẹ̀, mọ́tò á yọ, á lọ, ilẹ̀kùn á tún wálẹ̀. Ẹni tó wà nínú mọ́tò, mi ò rí ojú rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé gbogbo àdúgbò ń bá ara wọn jà ni.

Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹ mọ ìrìn ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì: ọwọ́ méjèèjì lẹ́yìn, ojú ń yẹ ọ̀tún wò, ojú ń yẹ òsì wò, ẹsẹ̀ kò yára. Obìnrin kan, aláwọ̀ dúdú ọmọ ilẹ̀ ibí, rọra dá mọ́tò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó sọ gíláàsì kalẹ̀, ó fi ohùn tí a fi ń tan ọmọ tó sọnù lọ́jà bi mí pé ṣé mo mọ ilé mi. Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Ó ní ṣé mo mọ orúkọ mi. Mo pe orúkọ mi, mo fi oyè iṣẹ́ mi kún un. Ó wá bi mí pé níbo ni mò ń lọ. Mo ní, "Kò síbì kankan." Ìyẹn gan-an ló wá dẹ́rù bà á. Ó ń fi mọ́tò tọ̀ mí lẹ́yìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà Bùnmi.

Bùnmi bẹ̀ ẹ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá, ó rò pé ẹ ti ń gbàgbé nǹkan ni!"

"Kí ni mo gbàgbé?"

"Ẹ gbàgbé mọ́tò, Bàbá. Kò sẹ́ni tó ń fẹsẹ̀ rìn níbí láìní ajá lọ́wọ́."

Láti ọjọ́ náà ni obìnrin yẹn ti ń juwọ́ sí mi bó bá ń kọjá. Nígbà tó pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fun fèrè mọ́tò fún mi, pẹ́ẹ́-pẹ́ẹ́. Mo kà á sí ìṣẹ́gun. Ẹni tí kò rí i bẹ́ẹ̀ kò tí ì gbé ibi tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n rí.

Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ dúró, ìjókòó ni yóò pa á. Mo ní mo fẹ́ ṣiṣẹ́. Bùnmi yarí, ó rẹ̀ ẹ́, ó gbà. Bí mo ṣe di sìkiọ́rítì nìyẹn níwájú ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù kan ní Oxon Hill, níbi tí afẹ́fẹ́ odò ti máa ń dé. Wọ́n fún mi ní ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ aró tó ní àmì láyà àti fìlà. Mo wọ̀ wọ́n sára, mo wo dígí, ó ń ṣe mí bíi kí n yan mááṣì. Mo pe Ràṣídì.

Ràṣídì ni ọ̀rẹ́ tó kù fún mi nínú iṣẹ́. Sájẹ́ńtì ni kó tó fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn ló wà. Bí ó bá ti gbé fóònù, kò ní kí mi, ìbéèrè ló máa fi bẹ̀rẹ̀.

"Ìsípẹ́kítọ̀! Wọ́n fún ọ níbọn?"

"Rárá."

"Kóńdó ńkọ́?"

"Kò sí kóńdó."

"Kí wá ni wọ́n fún ọ?"

"Tọ́ọ̀ṣì. Àti àga."

Ẹ̀rín tó rín, ó di ikọ́. "Àga! Kí ìdúró de olè má baà rẹ̀ ọ́! Bó bá wá gbé ẹrù ńkọ́?"

"Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ká wo aṣọ tó wọ̀ dáadáa, ká pe àwọn tó ni iṣẹ́."

Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, wọ́n ti sọ ọ́ di ẹlẹ́rìí."

Òótọ́ ló sọ. Àwọn ènìyàn ń kọjá lára mi bí wọ́n ṣe ń kọjá lára òpó. Mo lè lo ọ̀sán kan gbáko láìsí ẹni tó bá mi sọ ju "ẹ gbà mí láàyè" lọ. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn kò ṣàjèjì sí mi. Mo ti wọ aṣọ ìjọba láàárín àwọn tí kò fẹ́ kí n jókòó tì wọ́n. Ọjọ́ tí ọmọ Bùnmi gbé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kalẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé ohun tí mo ń gbé káàkiri láyà nìyẹn.

Ọmọ náà ni Tèmi. Òun ló máa ń wá gbé mi níbi iṣẹ́. Ó ti parí yunifásítì, ọ̀rọ̀ ìrònú ẹ̀dá ló kà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń sọ, ó sì ń gbọ́ Yorùbá bí ẹní gbọ́ òjò lórí páánù, ó mọ̀ pé ó ń rọ̀, kò lè bá a rọ̀. Èmi ni mo ń yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà fún yín. Ìrẹsì là ń jẹ lọ́jọ́ náà.

"Mummy, mo fẹ́ wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá."

Bùnmi kò gbé ojú sókè. "Iṣẹ́ kí ni?"

"Ọlọ́pàá. Ti ibí yìí. Wọ́n ti gbà mí sí ilé ẹ̀kọ́ wọn, oṣù tó ń bọ̀ la máa wọlé."

"Ìwé tí mo fi iṣẹ́ alẹ́ rán ẹ kà náà nìyẹn?"

"Bàbá náà ṣe é."

Bùnmi wò mí bí ẹni pé èmi ni mo bu nǹkan sí oúnjẹ ọmọ rẹ̀. "Bàbá ṣe é nítorí pé baba tiwọn ṣe é. Èmi kò bí ìwọ fún ìbọn. Jẹun rẹ."

Lẹ́yìn tí Tèmi gòkè lọ, Bùnmi bá mi nílé ìdáná. Kò pariwo mọ́. "Bàbá, ẹ gbà mí. Bí èmi bá sọ̀rọ̀, á ní ẹ̀rù ìyá ló ń bà mí. Ẹ̀yin lẹ ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ ní ẹ ò fọwọ́ sí i. Bí ẹ̀yin bá ti ní rárá, ọmọ yẹn kò ní lọ."

Òótọ́ ni. Tèmi fúnra rẹ̀ ti sọ fún mi nínú mọ́tò pé òun lè lọ láìsí àṣẹ ìyá òun, ṣùgbọ́n òun kò lè lọ láìsí àdúrà èmi àti Bùnmi. Bí ọ̀rọ̀ ṣe wá bọ́ sí mi lọ́wọ́ nìyẹn. Mo sì mọ ohun tí mo máa sọ. Rárá ni.

Ní Sátidé, mo pe Tèmi jókòó sẹ́yìnkùlé. Mi ò sọ rárá lójú ẹsẹ̀, nítorí rárá tí kò nítàn lẹ́yìn kì í pẹ́ nínú ọmọ. Mo ní kó gbọ́.

"Baba tó bí baba baba mi, Sàlísù ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe ará Èkó, kì í ṣe Ẹ̀gbá, kì í ṣe Ìjẹ̀bú. Lókè odò Ọya lọ́hùn-ún ni ogun ti kó o, wọ́n ń tà á bọ̀ títí ó fi di ẹrú lóko kan lẹ́bàá Èkó. Ìgbà náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Èkó, tí àsíá ọbabìnrin wọn ń fẹ́ lẹ́lẹ́ létí ọ̀sà. Sàlísù gbọ́ pé ẹrú tó bá dé abẹ́ àsíá náà ti bọ́. Ó sá lọ síbẹ̀. Ó débẹ̀ tán ló rí i pé òmìnira kò ṣeé jẹ. Gómìnà òyìnbó sì ń wá irú wọn. Ó kó wọn jọ, ó dé wọn ní fìlà pupa, ó fún wọn níbọn. Kò fún wọn ní bàtà."

"Kí ló dé tí kò mú àwọn ọmọ Èkó?"

"Ọgbọ́n ibẹ̀ nìyẹn, ọmọ mi. Ẹni tí kò ní ìyá nínú ìlú, ta ni yóò bá àwọn ará ìlú bẹ̀ ẹ́? Ẹni tí kò gbọ́ èdè, ẹkún ta ni yóò yé e?"

Mo sọ fún un ohun tí olùkọ́ wa kan fi yé wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́pàá, arúgbó tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ òyìnbó. Ó ní ọ̀nà méjì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣètò ọlọ́pàá láyé ìjọba ńlá wọn yẹn. Ní Lọ́ńdọ̀nù ìlú ara wọn, kùmọ̀ kékeré ni wọ́n fi lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, wọ́n ní kó máa fẹsẹ̀ rìn láàárín èrò, kí àwọn ènìyàn lè kà á sí ọ̀kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Ireland, tí wọ́n gbà tí ọkàn wọn kò sì balẹ̀ sí, ìbọn ni wọ́n fún ọlọ́pàá, bárékè ni wọ́n kó wọn sí, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́ ní agbègbè tí wọ́n ti bí i. Ti Ireland yìí ni wọ́n ń gbé wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ tí wọ́n bá ṣẹ́gun. Òun ló dé Èkó. Àwọn akódà ọba tiwa ti wà kí wọ́n tó dé, ìkà sì wà nínú àwọn náà. Ṣùgbọ́n a mọ ilé akódà. Bó bá ṣe àṣejù, ìyá rẹ̀ ni wọ́n á lọ bá.

"Wọ́n gbé Sàlísù lọ sí ìlú kan létí ọ̀sà. Láyé ìgbà náà, bí iná bá kú mọ́ ọ lọ́wọ́, ilé aládùúgbò ni wàá ti lọ tọrọ ẹ̀yinná. Gbogbo ilé tí Sàlísù yọjú sí, iná ibẹ̀ ti kú. Ẹ̀rín ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà, èéfín ń bẹ lórí òrùlé, ṣùgbọ́n iná ti kú. Gààrí tútù ló ń mu nínú òjò. Ìgbà tó pẹ́, ìyá arúgbó kan wò ó títí, ó ní, 'Ìwọ ọlọ́pàá yìí, wá mú iná kí ikọ́ má pa ọ́ sí wa lọ́rùn.' Ọmọ ìyá yẹn ló padà fẹ́. Ibẹ̀ ni èmi àti ìwọ ti ṣẹ̀."

Tèmi rẹ́rìn-ín. Mo ní kó má tí ì rín in.

"Ọmọ rẹ̀ ṣe é. Baba mi ṣe é. Èmi náà ṣe é. Wọ́n gbé mi lọ sí Yola, wọ́n gbé mi lọ sí Makurdi, wọ́n gbé mi lọ sí Kàlàbá. Ìyá rẹ fi Hausa kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, ó fi ẹkún kọ́ bí wọ́n ṣe ń dágbére fún ọ̀rẹ́. Bí mo bá ti ń mọ orúkọ àwọn ará àdúgbò, ìwé pé kí n gbéra lọ sí ìlú mìíràn á dé. Gbogbo ibi tí mo dé ni mo ti ń tọrọ iná. Iṣẹ́ tó ń sọ ènìyàn di àlejò ni, Tèmi. Má ṣe é."

Ó ń fi èékánná họ igi àga.

"Bàbá, àlejò níbo? Ilé ìwòsàn tó wà lọ́nà Lanham níbẹ̀ yẹn ni wọ́n bí mi sí. Mo mọ ọmọ ìyá tó ń ta òdòdó, mo mọ ẹni tó ń mu ọtí jù lára àwọn olùkọ́ mi àtijọ́. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ àlejò níbí. Ẹ má bínú sí mi o."

Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà há mi lọ́fun bí egungun ẹja títí di ọjọ́ tí mò ń bọ̀ wá sọ yìí.

Ọjọ́ náà, Tèmi wá gbé mi ní Oxon Hill lẹ́yìn iṣẹ́, a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Lanham, nítorí pé ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Oòrùn ṣì wà lókè. Mi ò tí ì bọ́ aṣọ iṣẹ́ mi. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé nígbà tí iná búlúù àti pupa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ yẹ̀rì lẹ́yìn wa. Tèmi rọra yà sí iwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù kan, ó dúró, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé sitíárìn. Ó ní, "Ẹ jókòó, Bàbá."

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi tọ́ mi, ta ni ń jókòó?

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé, ọ̀rọ̀ mi yé yín. Bí ọlọ́pàá bá dá ọ dúró ní Nàìjíríà, tí o jókòó pa sínú mọ́tò, tí o ń fi ojú fèrèsé wò ó, o ti ṣẹ̀ kó tó bi ọ́ léèrè. Ìgbéraga ni. Ọmọlúàbí á sọ̀ kalẹ̀, á rìn lọ bá a, á ní, "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú oòrùn." Ọ̀rọ̀ á ti rọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mo ti dúró ní ojú ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo mọ bí ó ṣe máa ń tu ọkàn lára. Mo sì tún rò ó pé ọmọ iṣẹ́ wa ni, ẹ jẹ́ kí n lọ kí i kó mọ̀ pé àgbà iṣẹ́ ló wà nínú mọ́tò.

Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo sọ̀ kalẹ̀, mo fa ṣẹ́ẹ̀tì mi gún, mo kọjú sí i. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún láti kí i ní kíkí ológun, ti òsì sì ń lọ sí àpò àyà, níbi tí káàdì ìfẹ̀yìntì mi wà.

Ó kígbe. Mi ò gbọ́ ohun tó wí, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ibí máa ń sáré bí ó bá ń bínú. Mo rò pé ó ń dá mi lóhùn ni. Mo tún gbé ẹsẹ̀ kan. Ìgbà náà ni mo rí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà ní ìbàdí.

"Bàbá, ẹ dúró! Ẹ má rìn mọ́! Ẹ fi ọwọ́ yín sílẹ̀ kó rí i!"

Tèmi ni. Yorùbá ni. Ọmọ tí kì í lè sọ gbólóhùn kan délẹ̀ kó má bu Gẹ̀ẹ́sì lé e. Mo dúró gbagidi, ọwọ́ mi ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì ti wà níta fèrèsé, ìka rẹ̀ là sílẹ̀, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó ń bá ọlọ́pàá náà sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bu omi sínú ìgò: "Bàbá mi àgbà nìyẹn. Níbi tí a ti wá, bí o bá dúró tí òun jókòó, ó ti bú ọ nìyẹn. Ó ń bọ̀ wá kí ọ ni. Ohun tó wà nínú àpò rẹ̀, káàdì ni. Ọlọ́pàá ni òun náà."

Mo wá wo ojú ọmọkùnrin ọlọ́pàá yẹn dáadáa. Òun náà dúdú, kò tíì tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Òógùn ti bò ó. Ẹ̀rù ń bà á ju èmi lọ. Mo mọ ojú yẹn. Èmi ni mo wọ̀ ọ́ ní Yola, lọ́jọ́ tí àwọn àgbà kan ń pariwo lé mi lórí ní èdè tí mi ò gbọ́, tí mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń súre ni tàbí wọ́n ń ṣépè.

Ọwọ́ rẹ̀ kúrò ní ìbàdí. Ó ní kí n padà jókòó, ó fi "sà" sí i. Ó wá sí ojú fèrèsé, ó ní ọ̀kan nínú iná ẹ̀yìn mọ́tò ti kú, kí Tèmi lọ tún un ṣe. Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni mo ṣe ọlọ́pàá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo bi òun náà pé ọmọ ibo ni. Ó dárúkọ ìlú kan ní Pennsylvania, ó ní òun kò tí ì pẹ́ níbí, òun kò mọ ẹnì kankan, fóònù ni òun fi ń wá ọ̀nà ilé.

"Bàbá tèmi," ó ní, "bí ààrẹ ilẹ̀ yìí bá dá a dúró, kò ní sọ̀ kalẹ̀." A rẹ́rìn-ín, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀rín tí kò dọ́gba.

Nígbà tó lọ tán, Tèmi gbé orí lé sitíárìn. Ohùn tí kò gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó wá gbọ̀n. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Mummy."

Mo ní, "Màá sọ fún un."

"Bàbá! Wọn ò ní jẹ́ kí n lọ mọ́ láéláé."

"Màá sọ fún un, Tèmi. Ṣùgbọ́n màá sọ ọ́ tán."

Lọ́jọ́ kejì, Bùnmi ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó bọ́ bàtà kan. Mo sọ fún un. Bàtà kejì kò bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ títí mo fi dákẹ́.

"Ó lè pa yín."

"Ó lè pa mí."

"Ṣé ẹ wá rí i? Ohun tí mo ń sọ nìyẹn! Iṣẹ́ yẹn náà ni ọmọ yẹn ní òun fẹ́ ṣe." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Bàbá, èmi ni mo ń gbà wọ́n wọlé. Àwọn tí wọ́n yìnbọn fún, àti àwọn tó yìn ín. Mo ti bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ọlọ́pàá tó ti kú. Ẹ ò mọ bí bàtà wọn ṣe wúwo tó."

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Mi ò ní sọ pé kí o má bẹ̀rù," mo ní. "Ìyá rẹ bẹ̀rù títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n gbọ́, Bùnmi. Ọmọkùnrin yẹn kò mọ̀ mí. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Àjèjì méjì ló pàdé, ìbọn ló wà láàárín. Ọmọ rẹ nìkan ló mọ àwa méjèèjì. Bó bá jẹ́ pé òun ló wọ aṣọ ọmọ yẹn, tí mo sọ̀ kalẹ̀ sí i, kí ni ì bá sọ?"

Bùnmi ń wo bàtà tó bọ́ sílẹ̀. Mo dúró dè é.

"Á ní, 'Ẹ káàsán o, Bàbá,'" ó ní. "Á ní, 'Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ padà sínú mọ́tò, oòrùn mú.'" Bó ṣe sọ ọ́ ló bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yí padà sí ẹkún lójú kan náà.

"Ìran wa ti ń ṣe iṣẹ́ yìí bọ̀ láti ìgbà Sàlísù," mo ní. "Ìlú onílùú ni gbogbo wa ti ṣe é. Kò sí ọ̀kan tó ṣe é níbi tí wọ́n ti mọ ìyá rẹ̀. Mo ti ní rárá fún un tẹ́lẹ̀. Mo gba rárá náà padà. Ṣùgbọ́n ìwọ lo bí i. Bí ìwọ kò bá sọ̀rọ̀, mi ò ní súre fún un lẹ́yìn rẹ."

Ó gbé bàtà rẹ̀ kan lọ́wọ́, ó wọ ìkejì, ó gòkè lọ bẹ́ẹ̀, kó-kó-kó ní ẹsẹ̀ kan.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn. Tèmi ń wo ojú mi, èmi ń wo ojú Bùnmi, Bùnmi ń wo ìkòkò lórí iná. Mo pe Ràṣídì, mo rò fún un.

"Fi í sílẹ̀," ó ní. "Abiamọ ló jókòó lé e. Adìyẹ kì í fi ariwo pa ẹyin."

"Bí kò bá pa á ńkọ́?"

"A jẹ́ pé ọmọ á máa bá ọ jókòó lórí àga ní Oxon Hill." Òpònú ọkùnrin. Mo pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu, mo sì ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìsinmi dé, ó ku ọ̀la kí Tèmi wọ ilé ẹ̀kọ́ náà, tàbí kó má wọ̀ ọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì wa wà lójú títì ní Lanham, àárín ṣọ́ọ̀bù táyà àti ilé onírun. Kí wọ́n tó gbàdúrà, pásítọ̀ máa ń ní kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ jáde. Ọ̀kan ra ilé, ọ̀kan gba ìwé ìgbélùú, ọmọ ọ̀kan yege nínú ìdánwò dókítà. À ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tí Bùnmi dìde. Ó na ọwọ́ sí Tèmi láàárín àwọn akọrin, ó fà á jáde tòun ti aṣọ ẹgbẹ́ lọ́rùn. Ojú Tèmi kò mọ ibi tí yóò wò.

Bùnmi gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Lọ́la," ó ní, "ọmọ mi ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọlọ́pàá."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan lẹ́yìn mi yọ ṣùtì sí ẹnì kejì rẹ̀. "Ọlọ́pàá kẹ̀? Ọmọ tó kàwé?" Mo yí padà, mo fi ojú tẹ́ṣàn wò ó. Ó gbé ìyókù mì.

"Mo ti gbọ́ yín," Bùnmi ní. "Ohun tí ẹ ń sọ, mo ti sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilé mi." Àwọn díẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀rù náà kò tí ì lọ, èmi àti òun la jọ dúró síbí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí ẹ̀rù tán kí n tó gbàdúrà, ọmọ á ti lọ láìsí àdúrà. Nítorí náà ẹ dìde. Ẹ na ọwọ́ yín sí ibí. Ẹ bá mi gbàdúrà fún ọlọ́pàá wa."

Tèmi wo ojú ìyá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Bùnmi gbé ọwọ́ lé e lórí, ó wò mí láti iwájú lọ́hùn-ún, ó ń dúró dè mí. Mo rìn jáde lọ bá wọn, mo gbé ọwọ́ mi lé orí ọwọ́ rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í súre. Mi ò tí ì dé ìdajì nígbà tí obìnrin ẹ̀yìn mi yẹn ké "Àmín", òun ló kọ́kọ́ ké e, ohùn rẹ̀ ló sì le jù.